Àgbà Kì í Dìde fún Ọmọdé

Wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí Lùkúmọ̀n ń kọ sínú káàdì kò ní ojú, kò sì ní ẹnu tí yóò fi tú àṣírí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ráyè ṣe ohun tó ṣe fún odidi oṣù márùn-ún, tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó sì ń pè é ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ni, abúlé tí kò ju ilé mọ́kànlá lọ, níbi tí bàbá rẹ̀, Ṣàíbù, ti ń dáko kòkó. Ìwé Módà, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ló kà mọ. Nígbà tó wọ Èkó ní ọdún 1975, Ọlọ́hun bá a ṣe é, ó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn oníhóró tuntun kan ló dé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní aburú tó ń ṣe fún ẹni tó ń lò ó, nítorí ohun tó ń pa eku lè pa ológbò tó bá jẹ eku náà. Bí ìròyìn ṣe kan abúlé báyìí, wọn ò pe bàbá rẹ̀ ní Ṣàíbù mọ́. Bàbá Dókítà ni wọ́n ń pè é.

Dókítà Abọ́sẹ̀dé ni olórí ìwádìí náà. Obìnrin gíga kan ni, tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wo ènìyàn lókè awò ojú rẹ̀, onítọ̀hún á rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti gbàgbé. Ènìyàn méjì ló rán síta. Àkàndé gba Ọbáléndé, láàárín àwọn dírẹ́bà àti àwọn olóúnjẹ ibùdókọ̀. Lùkúmọ̀n gba Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Adéníji Adélé wọ àwọn ọ̀nà tóóró inú lọ́hùn-ún, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, tí púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún," báyìí ni Dókítà Abọ́sẹ̀dé ṣe kọ́ wọn. "Ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kó dìde dúró. Ẹ ka ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ gbọ́ mi o, ti ìdúró yẹn gan-an ni mò ń wá. Oògùn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lè fà á jù. Bó bá ń fà á jù lára ẹnì kan, kò ní hàn lórí ìdùbúlẹ̀. Ìgbà tó bá dìde la ó mọ̀."

Lùkúmọ̀n gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé kìn-ín-ní tó wọ̀ ni agbo ilé Àlájà Àdìjátù. Abọ́ onírin tí wọ́n fi tánńganran bò ni Àlájà ń tà lọ́pọ̀, ẹni àádọ́rin ọdún, tí àwọn alátùntà ń ti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wá bá nínú ilé. Lórí ẹní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú àwọn abọ́ tí wọ́n tò lé ara wọn títí kan àjà, ibẹ̀ ló máa ń wà. Ẹni tó bá wọlé á kúnlẹ̀ ná kó tó mọ ohun tó bá wá. Lùkúmọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kan sìmẹ́ńtì.

"Áà! Ta ló bí eléyìí?" ni Àlájà wí. "Ní Èkó yìí náà? Dìde, ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹ̀wù rẹ dọ̀tí."

Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó na apá fún un, Lùkúmọ̀n wọ̀n ọ́n: ọgọ́jọ. Ó wá ku kó sọ pé ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó há síbẹ̀ bí egungun ẹja. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọdé ló ń dìde fún àgbà. Ọmọdé tó bá ní kí àgbà dìde, àga ló fẹ́ gbà lábẹ́ rẹ̀.

"Àlájà, ẹ… ẹ bá mi…"

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ó ti tán, mà."

Nígbà tó dé ìkángun ilé, lẹ́bàá gọ́tà, ó ṣí káàdì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ti ìdúró là sílẹ̀ bí ẹnu ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kọ ọgọ́jọ ó dín mẹ́rin síbẹ̀. Ó jẹ́ kó dín díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, kó lè jọ òótọ́.

Ó ní ẹyọ kan yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni kejì ni Áfáà Mọ̀núrù, tó ń ṣíwájú ìrun fún gbogbo àdúgbò. Ta ni yóò na ìka sí Áfáà pé kó nàró? Ẹni kẹta ni ìyá kan tí orókún ń dùn. Ìgbà tí oṣù kìn-ín-ní yóò fi pé, kò sẹ́ni tó dìde rí ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, Lùkúmọ̀n sì ń parí iṣẹ́ òòjọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, á lọ jókòó létí ọ̀sà, á máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀wọ̀ ló bí ìwà náà, kí á má parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ló tọ́ ọ dàgbà.

Ìròyìn rere kọ́ ni ohun tí wọ́n ń gbọ́ nípa Àkàndé ní tirẹ̀. Wọ́n ní bó ti ń wọlé ló ń pariwo, "Màmá, ẹ dìde jàre, ìṣẹ́jú méjì péré ni, mi ò fẹ́ fi yín ṣaya!" Ìyá alákàrà kan ju bàtà lù ú. Bàbá dírẹ́bà kan ní bí kò bá kúrò níwájú òun, òun á fi mọ́tò gbá a. Síbẹ̀ wọ́n ń dìde fún un, bí wọ́n ti ń bú u ni wọ́n ń dìde.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, Dókítà Abọ́sẹ̀dé tẹ́ káàdì àwọn méjèèjì sórí tábìlì. Ó tọ́ka sí ti Àkàndé.

"Ènìyàn méjìdínlógójì. Mọ́kànlá nínú wọn, bí wọ́n bá ti dìde, ẹ̀jẹ̀ wọn á já wálẹ̀ bí ẹni tó já sí kòtò. Ti Lùkúmọ̀n rèé, mẹ́tàlélógójì, kò sí ẹyọ kan. Oògùn kan náà ni. Àkàndé, ṣé ò ń fetí sílẹ̀ nígbà tó o bá ń wọ̀n wọ́n ṣá?"

"Dókítà, ohun tí mo rí ni mo kọ."

"Ohun tí Lùkúmọ̀n rí náà ló kọ."

Lùkúmọ̀n ń wo bàtà rẹ̀. Okùn ẹsẹ̀ òsì ti tú, àfi bí ẹni pé kò rí okùn bàtà rí.

Dókítà ní iṣẹ́ tí kò mọ́ yóò ba èyí tó mọ́ jẹ́, nítorí náà òun á yọ káàdì Ọbáléndé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọ̀gá yóò fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò sì fún ẹgbẹ̀ta ènìyàn mìíràn ní oògùn náà káàkiri Èkó.

Nígbà tí wọ́n jáde, Àkàndé fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Lùkúmọ̀n ti múra èébú sílẹ̀ de èébú. Ṣùgbọ́n ohun tí Àkàndé sọ kò jọ èébú.

"Lùkúmọ̀n, jọ̀ọ́, kọ́ mi bó o ṣe ń ṣe é. Ó dà bíi pé èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Lùkúmọ̀n ní, "Ó ń fẹ́ sùúrù ni." Ó sọ ọ́ o. Òun náà gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ò ti kìlọ̀ fún un. Ganiat, ìyàwó ọmọ àbíkẹ́yìn Àlájà, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lóṣù tó kọjá.

"Dókítà kékeré, ẹ wò ó, Màmá ń di ògiri mú o, bí wọ́n bá ti dìde. Wọ́n ní ojú ń ṣú àwọn."

"Ọjọ́ orí ni, Àǹtí."

"Ọjọ́ orí ti ta ni? Èèyàn tó fi ọmọrogùn lé mi yí àgbàlá yìí ká lọ́dún tó kọjá!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lùkúmọ̀n lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣíwájú Jímọ̀ tí wọn yóò fọwọ́ sí ìwé ló tún kàn án láti dé ọ̀dọ̀ Àlájà. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bá ẹní, kò bá ènìyàn. Àwọn abọ́ tó máa ń kan àjà ti wà nílẹ̀ káàkiri, òmíràn tẹ̀, òmíràn ti bó. Ganiat ń ṣà wọ́n jọ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Ganiat wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Lọ́jọ́ Sátidé ni. Màmá ń kírun Alásárì. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ dìde sí rákà kejì, a kàn gbọ́ gbàràgàdà ni. Gbogbo àdúgbò rò pé mọ́tò ló kọ lu ilé. Orí ni wọ́n fi lu àárín abọ́. Ọwọ́ òsì kán. Ọsibítù ni wọ́n ti rán iwájú orí wọn."

Lùkúmọ̀n wọ yàrá. Àlájà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ òsì nínú báńdéèjì líle tó funfun, ojú kan wú. Lùkúmọ̀n dọ̀bálẹ̀. Àlájà fi ọwọ́ tó kù juwọ́ sí i pé kó súnmọ́ òun.

"Lùkúmọ̀n ọmọ mi. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ Sátidé. N ò rí òkúta, n ò rí omi, n ò rí ọmọ tó na ẹsẹ̀. Kí ló gbé mi ṣubú?"

Lùkúmọ̀n ti àpò rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ganiat ní oògùn yín ni. Mo ní kó panu mọ́. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀, ṣé òun ni yóò gbé ohun tó máa pa mí wá bá mi?" Ó tún na apá ọ̀tún. "O ò ní wọ̀n mí ni?"

"Ẹ… ẹ sinmi lónìí, mà."

Ó jáde. Kò mọ ọ̀nà tó gbà, ó kàn bá ara rẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tó máa ń jókòó sí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ó ti ń sọ òkò tirẹ̀ láti oṣù márùn-ún, ó ń rò pé inú òfìfo ló ń sọ ọ́ sí. Ọkàn kan sọ fún un pé kó dákẹ́, kó máa wọn ìyókù bó ṣe yẹ láti ọ̀la lọ, ta ni yóò mọ̀? Ó wá rántí ẹgbẹ̀ta ènìyàn. Ó ronú abúlé, bí wọn yóò ṣe pe bàbá rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀hún, bí àwọn ọmọdé yóò ṣe máa fi orúkọ Bàbá Dókítà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú, ó fẹ́ fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Àfi bó ṣe bi ara rẹ̀ pé: ikú ta ni? Ẹni tó pa òwe yẹn, ikú tara rẹ̀ ló ń wí. Kò sọ pé ikú Àlájà Àdìjátù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ọ́fíìsì Dókítà Abọ́sẹ̀dé. Àkàndé wà níbẹ̀, ó ń kó káàdì Ọbáléndé tirẹ̀ sínú páálí. Lùkúmọ̀n ò jókòó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bì.

"Dókítà, ti ìdúró, n ò wọ̀n ọ́n. Mo kàn kọ ọ́ ni."

Dókítà wò ó lókè awò ojú. "Mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Mo ní mélòó."

"Igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà."

Dókítà yọ awò ojú kúrò, ó gbé e kalẹ̀ rọra.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀wọ̀ ni, mà. N ò lè ní kí àgbà dìde fún mi."

Dókítà yẹ káàdì wò, ó fa ọ̀kan yọ. "Àlímọ̀t tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọgbọ̀n ọdún. Ṣé òun náà ni àgbà tó o ń bọ̀wọ̀ fún?"

Lùkúmọ̀n kò tilẹ̀ rántí ojú Àlímọ̀t dáadáa. Ó máa ń yára kúrò níbẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìgbà yẹn ni ìtìjú wá bọ́ aṣọ tó kù lára rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó ń fi bora láti àná, Àlímọ̀t ti ká a kúrò.

Ó ṣèèṣì gbójú sókè, ó rí i pé Dókítà kò wo òun mọ́. Àkàndé ló ń wò.

"Àkàndé, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo rí ohun tó mọ́ jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, n ò bi í bó ṣe mọ́."

Àkàndé gbé páálí sílẹ̀. Ó wo Lùkúmọ̀n, ó ní, "Èmi tí mo ní kó o kọ́ mi." Ìbá sàn kó gbá a létí.

Lùkúmọ̀n ní Àlájà kan ti ṣubú. Bí Dókítà ṣe gbọ́ ìyẹn, ó ti dìde, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Ìwọ ni wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn," ló wí. "N ò ní bá ọ sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Dókítà kúnlẹ̀, ó kí Àlájà, ó sọ ẹni tí òun ń jẹ́, ó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lùkúmọ̀n dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Àlájà wí.

"N ò lè dìde, mà."

Ibẹ̀ náà ló wà, tó fi àyà lé ilẹ̀, tó sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó há a lọ́fun lọ́jọ́ kìn-ín-ní, gọ́tà, nọ́ńbà tó kọ, Ganiat tó kìlọ̀. Ganiat pòṣé. "Mo sọ! Wáláhì, mo sọ ọ́! Ọjọ́ orí ni, Àǹtí! Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ orí ni!" Àlájà gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Nítorí kí n má bàa dìde fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Níbẹ̀rẹ̀."

"Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀lẹ ni, mà."

Wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń polówó yìnyín níta.

"Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni mò ń forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́hun, tí mo tún ń dìde," ni Àlájà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé ìdìde ń dín mi kù? Ṣé bí o bá ní Àlájà, ẹ dìde, ẹ̀mí yín wà níbẹ̀, n ò ní dìde?" Ó rọra fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na apá ọ̀tún. "Ó yá. Gbé ẹ̀rọ rẹ."

Wọ́n ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wọ̀n ọ́n: àádọ́jọ.

"Wá sọ ọ́."

"Mà?"

"Ọ̀rọ̀ tó há sí ọ lọ́fun. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Àlájà, ẹ… ẹ dìde, mà."

Àlájà dìde. Ganiat gbá a mú lápá kan, Dókítà mú èjìká kejì. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó di méjì. Ètè Àlájà funfun díẹ̀, ó di ojú, ó ń mì bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lù. Lùkúmọ̀n fún ẹ̀rọ, ó fi etí sílẹ̀ bí kò ti fi í sílẹ̀ rí láti oṣù márùn-ún. Omi fàdákà inú gíláàsì ẹ̀rọ náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tó já sí ọgọ́rùn-ún ó lé méjì.

Wọ́n tètè mú Àlájà padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà gba oògùn, ó fọ́ hóró kan sí méjì, ó ní ìdajì ni láti òní lọ, òun á sì padà wá lọ́la. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé kankan lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn ẹgbẹ̀ta lọ jókòó sílé wọn ná. Ó yíjú sí Lùkúmọ̀n. "Àkàndé ni yóò máa gbé àpò yẹn. Ìwọ á máa tẹ̀lé e láti ilé dé ilé, gbogbo mẹ́tàlélógójì. Wàá sọ fún wọn ìdí tó fi ní kí wọ́n dìde. Lẹ́yìn ìyẹn la ó mọ̀ bóyá o ṣì níṣẹ́."

"Ó kù kan," ni Àlájà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ka ti tẹ́lẹ̀ sí mi létí. Èyí tó o kọ."

Lùkúmọ̀n ṣí káàdì. "Ọgọ́jọ ó dín mẹ́rin. Àádọ́jọ ó lé mẹ́rin. Àádọ́jọ ó lé márùn-ún…" Títí ó fi ka gbogbo rẹ̀ tán.

"Ara ẹni tí o kọ yẹn le," ni Àlájà wí. "Ìbá dára ká ní èmi ni."

Ó kọjú sí ògiri. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí Áfáà Mọ̀núrù. Ganiat gbé àpótí sórí ẹní kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè kírun lórí ìjókòó. Lùkúmọ̀n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró láàárín abọ́ títẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kí òun wà. Ganiat jáde bá a, ó gbé abọ́ omi kan lé e lọ́wọ́.

"Ṣe àlùwàlá," ló wí. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

Ó gba abọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí Àlájà ṣubú lù ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú, tánńganran rẹ̀ ti bó dé irin, bó sì ti wù kó rọra mú un tó, omi ń dànù sí i lẹ́sẹ̀.